Ogún Pọ́nbélé, Ọgbẹ́ Mẹ́ta Péré: Ìbéèrè Yín Lórí Dáìsì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìbéèrè tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí pọ̀ àmọ́ orí nǹkan kan náà ni gbogbo ẹ̀ já sí: téèyàn bá ju dáìsì tó dáa, kí ló yẹ kó rí gbà? Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka abala yìí, géèmù ìtàn orí tábìlì là ń sọ, irú Dungeons and Dragons, ìyẹn D&D tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974. Ẹnì kan á máa darí ìtàn, òun là ń pè ní DM, àwọn yòókù á mú èèyàn kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn náà, ọdẹ ni o, oṣó ni o, olè ni o, tí wọ́n bá wá fẹ́ ṣe nǹkan tó le, wọ́n á ju dáìsì olójú 20. Tí dáìsì bá fojú 20 hàn fúnra ẹ̀ láì jẹ́ pé a ro nǹkan kan mọ́ ọn, ogún pọ́nbélé là ń pè é lọ́dọ̀ tiwa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ó tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

*Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. LAUTECH ni mo wà, Under G là ń gbé, èmi àtàwọn rúùmeètì mi la jọ máa ń ta géèmù yìí lálẹ́ Sátidé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo yọ àáké sí ẹgbére kan, mo ju ogún pọ́nbélé, gbogbo yàrá pariwo, ẹni tó ń se ìndómì lọ́wọ́ níta gan-an sáré wọlé wá wò ó. DM ní kí n ju dáìsì olójú 8 lẹ́ẹ̀mejì. Mo ju 1. Mo tún un jù, 2. Mẹ́ta! Ẹni tó ṣá ẹgbére yẹn ṣáájú mi tí ò ju ogún kankan, 8 lòun jù. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí iná fi lọ. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?*
*— Aláàáké, Under G*

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀rín pa mí kí n má parọ́, àmọ́ ó ti ṣe èmi náà rí.

DM yín ò ṣẹ̀, ohun tó wà nínú ìwé ló tẹ̀ lé. Nínú D&D ẹ̀dà karùn-ún tó jáde lọ́dún 2014, tó o bá ju ogún pọ́nbélé nígbà tó ò ń jà, àáké ẹ bá a dandan nìyẹn, wàá wá ju dáìsì ọgbẹ́, èyí tó ń sọ bí ọgbẹ́ ṣe pọ̀ tó, lẹ́ẹ̀mejì, wàá ro agbára apá ẹ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan. Dáìsì olójú 8 kan, tá a bá ń jù ú léraléra, 4.5 ló ń fúnni ní ìpíndọ́gba, méjì á wá jẹ́ 9, lójú lásán ó dà bí ẹ̀bùn gidi. Àmọ́ jókòó kó o kà á o. Ọ̀nà 64 ni dáìsì méjì yẹn lè gbà balẹ̀, nínú 64 yẹn, 28 ni àpapọ̀ ẹ̀ ò kọjá 8. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 44 nínú 100. Ẹni tó ju ogún, tí wọ́n ti pariwo lé lórí, tó ti dìde lórí àga, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ ìdajì ìgbà ló máa ṣe ọgbẹ́ tí ẹni tó ju 14 lásán náà lè ṣe! Ibẹ̀ ni ìtìjú ẹ ti wá, kì í ṣe pé orí ẹ burú.

Rúùlù ilé tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi tún un ṣe ò le rárá. Dáìsì kìíní, wọn ò ní jù ú mọ́, wọ́n á kà á ní kíkún, 8. Ìkejì nìkan ni wọ́n á jù. Èyí tó kéré jù tó o lè rí á di 9, èyí tó pọ̀ jù 16, ìpíndọ́gba ẹ̀ 12.5. Mo gbé e wọ tábìlì tiwa, inú wọn dùn bí ẹni tó rí ẹran ìgbẹ́ lórí iyán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìdùnnú ọ̀hún pé. Òmìrán kan ló dá wọn lọ́nà létí odò, òmìrán inú ìwé, kùmọ̀ ẹ̀ máa ń gba dáìsì olójú 8 méjì kó tún fi 4 lé e. Èmi DM ni mò ń ju tiẹ̀. Ogún. Mo gbójú sókè, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ti ń ṣírò ẹ̀ nínú. Rúùlù tá a jọ fọwọ́ sí ni: 16 tá ò ní jù, dáìsì méjì tá a máa jù, 4 lórí ẹ̀. Kódà kí n ju 1 àti 1, 22 ni. Oṣó tí kùmọ̀ bà, lẹ́fẹ̀lì kìíní ló ṣì wà, ẹ̀mí 8 ló ní, ìwé sì ti sọ ọ́ pé tí ọgbẹ́ bá pa ẹ̀mí tán tí ìyókù ẹ̀ bá tún tó gbogbo ẹ̀mí tó o ní, ikú ojú ẹsẹ̀ ni, kò sí pé à ń da àgbo sí i lẹ́nu. Ọmọ tó ni oṣó yẹn ti ya àwòrán ẹ̀ tòun ti fìlà sẹ́yìn ìwé sáyẹ́ǹsì ẹ̀. Ó rọra pa ìwé dé, ó ní òun fẹ́ lọ ra búrẹ́dì ní Tákìé. A ò rí i mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nítorí náà, gbé e wọlé tó bá wù yín, ṣùgbọ́n mọ̀ pé ọ̀tá ń ju dáìsì jù yín lọ. Ẹgbére 8 tó bá kọ lù yín lẹ́ẹ̀kan péré, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta ni ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn máa rí ogún. Lọ́dọ̀ wa nísìnyí, àwọn tó ń ta géèmù ló ń jẹ dáìsì kíkún, àwọn ọ̀tá ń lo ti inú ìwé. Wọ́n ní mò ń ṣègbè. Mò ń ṣègbè lóòótọ́.

*Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín láti Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́. Onírárà ni mo máa ń mú nínú géèmù tiwa. A dé ààfin ọba kan, mo kí i títí, mo kì í dé orí bàbá ńlá ẹ̀, mo wá ní kó bọ́ adé kó gbé e fún mi. Mo ju dáìsì. Ogún pọ́nbélé! DM ní rárá, ọba ò gbà. Ẹ̀gbọ́n, ogún ni o. Ṣé irọ́ ni ogún ni?*
*— Onírárà tínú ń bí*

Onírárà, rọra. Ìwọ ọmọ Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́ níbi tí wọ́n ti mọ ohun tó ń jẹ́ adé yẹn, ìwọ lo wá ní kí ọba bọ́ adé fún ẹ torí pé o mọ rárà sun? Ó dáa bẹ́ẹ̀ náà.

Ká sọ ti ìwé ná. Ogún tó ń borí dandan nínú ẹ̀dà 2014 yẹn, ti ìjà nìkan ni. Tó bá ti di ọ̀rọ̀ ẹnu, tàbí ká gun ògiri, tàbí ká tọ ipasẹ̀ ẹran, 20 jẹ́ 20 ni, ro tìẹ mọ́ ọn kó o wò ó bóyá ó tó iye tí DM ní lọ́kàn. Pathfinder, géèmù míì tó jọ ọ́, ẹ̀dà kejì ẹ̀ ti ọdún 2019, ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀, mo sì fẹ́ràn ẹ̀: ogún pọ́nbélé á gbé àbájáde ẹ gun àtẹ̀gùn kan sókè, tó bá jẹ́ pé ò bá kùnà, ó máa bọ́ sí i, tó bá jẹ́ pé ó ti bọ́ sí i tẹ́lẹ̀, á tún wá dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ṣá, kì í gbéèyàn dé òkè àjà.

Àmọ́ DM yín náà jẹ̀bi o, kó gbọ́ ọ. Kí ló dé tó jẹ́ kó o ju dáìsì? Nǹkan tí ò bá ti lè ṣẹlẹ̀, ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́, "onírárà, èyí ò lè ṣeé ṣe, wá nǹkan míì." Kì í ṣe pé kí wọ́n jẹ́ kéèyàn mi dáìsì lọ́wọ́, kó fẹ́ atẹ́gùn sí i, kó ju ogún, kí wọ́n wá ní rárá. Ẹni tó pe àlejò wá jẹun tí ò dáná nìyẹn. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá ti sọ fún ẹ kó o tó jù pé adé ò sí níbẹ̀ o, àmọ́ tó o bá ju dáadáa, ọba lè rẹ́rìn-ín. Tó bá wá di ogún, Kábíyèsí á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀, á ní kí wọ́n fún onírárà yìí lẹ́ṣin kan àti ìránṣẹ́ tó máa mú un kọjá gbogbo bodè, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gba owó ibodè lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó sọ fún ọba pé kó bọ́ adé tí orí ẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, ṣé ìyẹn ò tó?

*Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ abala yìí, tíṣà ni mí ní Apákẹ́. Mo ń fi géèmù yìí kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lẹ́yìn iléèwé. A ò ní dáìsì olójú 20, mo gé páálí, mo kọ 1 dé 20 sára ẹ̀, mo kó o sínú igbá, ẹni tó bá kàn á mú ọ̀kan. Àwọn ọmọ ń jà lórí bóyá ká máa dá èyí tá a bá mú padà. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?*
*— Tíṣà onígbá*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ sì mi igbá yẹn dáadáa, torí tẹ́ ò bá dá a padà kì í ṣe dáìsì mọ́. Dáìsì ò rántí ohun tó jù lánàá. Igbá máa ń rántí. Tí 20 bá ti jáde ní ìmú kẹta, ìmú 17 tó kù, kò sẹ́ni tó tún lè rí ogún mọ́, ọmọ tó bá sì gbọ́n á máa ka páálí tó ti jáde bí ọ̀ta ṣe ń ka ọmọ ayò nínú ihò, tó bá rí i pé kò kù ju mẹ́ta lọ tí ogún ò tíì jáde, ìgbà yẹn ló máa ní òun fẹ́ bá òmìrán jà.

Kí n sòótọ́, ìyẹn náà ládùn tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ pinnu pé ẹ ò ní dá a padà títí 20 fi máa tán, ó dájú pé ẹnì kan á rí ogún, ó dájú pé ẹnì kan á rí 1, gbogbo wọn á sì máa wojú igbá. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ yan ọ̀kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o, kò gbọdọ̀ jẹ́ pé ẹni tó rí ogún ní ká dá a padà, ẹni tó rí 1 ní ká má dá a padà.

Ọ̀nà míì tún wà tí páálí ò ní pọ̀. Ẹ gé mẹ́wàá péré, 1 dé 10, kẹ́ ẹ mú dáìsì lúdò kan mọ́ ọn. Ọmọ á mú páálí, á ju dáìsì. Tí dáìsì bá jẹ́ 1, 2 tàbí 3, iye tó wà lára páálí náà ni. Tó bá jẹ́ 4, 5 tàbí 6, ẹ ro 10 kún un. Ó ṣe déédéé pẹ̀lú dáìsì olójú 20, kò sí iye kan tó rọrùn láti jáde ju òmíì lọ. Èyí tó wà lórí fóònù náà dáa, tí bátìrì bá wà.

*Bọ̀ọ̀dá, ṣé a ò lè ṣe é bíi lúdò ni, kẹ́ni tó bá ju 6 tún un jù, kó máa ro ó pọ̀?*
*— Ọmọ lúdò*

Ẹ lè ṣe é. Géèmù kan tó ń jẹ́ Savage Worlds, tó jáde lọ́dún 2003, orí ẹ̀ ló dúró lé, dáìsì tó bá ti fojú tó ga jù hàn, wàá tún un jù, wàá rò ó pọ̀. Kì í bá géèmù jẹ́ bí àwọn kan ṣe ń rò: dáìsì olójú 6 tó ń mú 3.5 wá ní ìpíndọ́gba, 4.2 péré ló máa di. Ariwo ẹ̀ ló pọ̀ ju èrè ẹ̀ lọ, mo sì fẹ́ràn ariwo. Wàhálà kan ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Tí iye tẹ́ ẹ̀ ń wá bá jẹ́ 6, ẹni tó mú dáìsì kékeré, olójú 4, á rí i ní ìgbà 3 nínú 16, ẹni tó mú olójú 6 tó yẹ kó lágbára jù, ìgbà 1 nínú 6. Ẹ ṣírò ẹ̀, ọmọdé ló ju àgbà yẹn. Lọ́dọ̀ wa a kàn sọ pé dáìsì ọgbẹ́ nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó parí síbẹ̀.

*Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo èèyàn ń pariwo ogún, ogún. Ẹni tó ju 18 ńkọ́? Mo ju 18 nígbà tí wọ́n ń wá 10, DM ní "ó bọ́ sí i", ó kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Ẹni tó ju 10 géérégé náà, "ó bọ́ sí i". Kí ni ànfààní 18 mi?*
*— Méjìdínlógún, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́*

Ìbéèrè tí mo ti ń dúró dè látìgbà tí mo ti ń kọ abala yìí nìyí, màá sọ tẹnu mi tán lórí ẹ̀.

Ogún, ìgbà 5 nínú 100 ló ń wá. Tó bá jẹ́ pé ogún nìkan lẹ̀ ń fún ní nǹkan, ẹlòmíì á ta géèmù láti ìrọ̀lẹ́ dòru tí ò ní jẹ nǹkan kan, ó sì lè ti ju 17, 18, 19 bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Àwọn tó ń ṣe géèmù ti rí èyí tipẹ́. Nínú Apocalypse World tí Vincent Baker gbé jáde lọ́dún 2010, dáìsì lásán méjì ni, olójú 6: tí àpapọ̀ bá dé 10, o rí i ṣe pátápátá, tó bá jẹ́ 7 sí 9, o rí i ṣe àmọ́ ó máa ná ẹ ní nǹkan, tó bá jẹ́ 6 wálẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń darí lọ̀rọ̀ kù sí. Call of Cthulhu ẹ̀dà keje, dáìsì tó ń ka 1 dé 100 ni tiwọn, bó bá ṣe kéré sí ló ṣe dáa sí: tó o bá jù ú wálẹ̀ dé ìdajì iye tó o ní lórí iṣẹ́ tó o fẹ́ ṣe, ó dáa, tó bá dé ìdá kan nínú márùn-ún ó tún wá dáa gan-an. Fate ní tiẹ̀, tó o bá fi 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá, ó ní èrè tiẹ̀ lọ́tọ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tó dúró de ogún.

Lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo 5 tó o bá fi kọjá iye tá à ń wá, ẹ̀bùn kan. Nǹkan mẹ́rin lo lè fi ẹ̀bùn mú: ó yá ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ìró ẹ̀, tàbí o mọ nǹkan kan tó ò béèrè, tàbí kó o gbé e fún ẹni tó kàn, kóun ju dáìsì méjì kó mú èyí tó ga. 18 tìẹ yẹn fi 8 kọjá, ẹ̀bùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n jẹ ẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́!

Mo rántí ọjọ́ tí mo mọ̀ pé rúùlù yìí ò ní kúrò nílé wa mọ́. Ọdẹ mẹ́rin ń tọ ẹkùn nínú igbó. 12 ni mò ń wá, mo sì ti sọ ọ́ síta. Ọmọbìnrin tó mú ọdẹ àgbà ju 16, ó ní 6 lórí iṣẹ́ ọdẹ, 22, ẹ̀bùn méjì. Ó ní òun fẹ́ mọ nǹkan tóun ò béèrè. Mo ní, ipasẹ̀ ẹkùn yẹn wà nínú ẹrẹ̀, omi ṣì ń sun wọnú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò tíì kún. Ó dákẹ́. Ó ní, "A jẹ́ pé kò tíì jìnnà." Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un. Ẹ̀bùn kejì, èmi rò pé ó máa ní kó yá kíákíá ni, àfi bó ṣe kọjú sí ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí ò tíì ju nǹkan gidi látàárọ̀, tó ti ń tẹ fóònù lábẹ́ tábìlì, ó ní òun fọwọ́ tọ́ ọ léjìká, òun nàka ẹ̀ka igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́ hàn án. Ọmọkùnrin yẹn gbé fóònù sílẹ̀. Ó ju dáìsì méjì: 4, 17. Ọfà ẹ̀ ló kọ́kọ́ ba ẹkùn.

Ẹ ò rí i pé ẹ̀bùn yẹn ò jẹ́ ọgbẹ́ rárá. Ọgbẹ́ púpọ̀, ẹni tó jù ú nìkan ló ń jẹ ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan, ó tán. Èyí tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì ni gbogbo tábìlì ń dìde wò. Ohun méjì péré ni mo máa ń kìlọ̀: ẹ sọ iye tẹ́ ẹ̀ ń wá kí wọ́n tó jù, torí tẹ́ ẹ bá fi pa mọ́ wọ́n á ní ẹ ti yí i padà, wọn ò sì ní jẹ̀bi. Ẹ má sì fi idà olóògùn tàbí àpò owó ṣe ẹ̀bùn, torí dáìsì pọ̀, kó tó di oṣù méjì gbogbo wọn á ti lówó ju ọba lọ.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ju ogún mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní orí òun ló dáa. A rò pé ó ti ṣe nǹkan sí dáìsì yẹn. Ẹ gbà wá.*
*— Àwọn àbúrò, Ọ̀yọ́*

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ máa ṣe sùúrù fún ẹ̀gbọ́n yín. Ẹni tó bá ju dáìsì nígbà 30 lálẹ́ kan, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún ló máa rí ogún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí DM bá sì ń jẹ́ kó ju méjì mú èyí tó ga, 5 nínú 100 yẹn á di 9.75, kò wá yani lẹ́nu mọ́.

Àmọ́ tọ́kàn yín ò bá balẹ̀, ẹ gbé àwo kan sáàárín tábìlì, inú ẹ̀ ni gbogbo èèyàn á máa jù sí, èyí tó bá fò jáde ò sí nínú ìṣirò. Tó bá ṣì ń rí ogún nínú àwo, ẹ tọrọ dáìsì ọ̀hún. Ẹ bu omi gbígbóná díẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù, ẹ máa da iyọ̀ sí i, ẹ máa rò ó, títí dáìsì á fi léfòó. Ike nìkan ló máa léfòó o, èyí tó wúwo á rì. Ẹ fi ìka yí i, kẹ́ ẹ wo ojú tó bá yọ sókè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ṣe é bí ìgbà mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ ojú kan náà tàbí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló ń yọ ní gbogbo ìgbà, ẹ̀gbẹ́ kan wúwo ju ìkejì lọ, ẹ ra òmíì. Tí ojú lóríṣiríṣi bá ń yọ, ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín, kẹ́ ẹ sì ṣan iyọ̀ kúrò lára dáìsì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá a padà fún un.